Rọ́bà Inú Iṣan Ọrùn àti Òru Àkọ́kọ́

(Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ọmọ ìlú yìí bá Ẹgbẹ́ sọ ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún)

 

Ní àwọn ọdún tí ó ti kọjá, ọ̀rọ̀ omi mímu, ẹ̀jẹ̀ ríru àti abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni a máa ń bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ti ọdún yìí ṣàjèjì díẹ̀, nítorí ó dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kò tí ì fi ojú rí, èyíinì ni rọ́bà tín-ín-rín tí àwọn dókítà máa ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ní ọrùn aláìsàn, tàbí ní abẹ́ egungun tí ó dábùú òkè àyà, tàbí ní kọ̀rọ̀ itan. Kì í ṣe àwa ni a yan ọ̀rọ̀ náà. Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wa nínú ọdún kan ṣoṣo ni ó yàn án fún wa.

Èkíní ni ti bàbá wa kan tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kí a fi rọ́bà sí wọn ní ọrùn kí ẹ̀rọ lè máa bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹbí kọ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ ní ọjà pé ẹni tí a bá ti fi rọ́bà sí lọ́rùn kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé mọ́. Wọ́n gbé bàbá wálé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí a fi sin wọ́n.

Èkejì ni ti ìyá wa kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ẹbí tiwọn gbà. A fi rọ́bà náà sí wọn lọ́rùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Dókítà kọ ìwé pé kí a ya X-ray àyà wọn ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún ọmọ wọn obìnrin tí ó jókòó tì wọ́n pé òun ni yóò kọ́kọ́ lọ san owó rẹ̀ kí a tó yà á. Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá òru, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há ìyá. Wọ́n ní nǹkan ń gún àwọn ní ìhà ọ̀tún. Ọmọ náà dìde láti lọ pe nọ́ọ̀sì, ó sì tún padà jókòó, nítorí ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe jágbe mọ́ ẹnì kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó jẹ́ kí Màámi sùn, pé àárẹ̀ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe di òru náà mọ́jú. Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni dókítà dé, tí ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ìhà ọ̀tún ìyá, tí kò sì gbọ́ ìró èémí kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti kún ibẹ̀. Wọ́n gba ìhà wọn fi rọ́bà mìíràn wọlé, afẹ́fẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nínú omi ìgò tí wọ́n so ó mọ́. Kí wákàtí kan tó pé, ìyá ti lè sọ gbólóhùn kan dé òpin láìsinmi. Wọ́n jókòó láàrin wa ní gbọ̀ngàn yìí lónìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì fún wa ní àṣẹ láti sọ ìtàn náà.

Ní ìlú, ìtàn méjèèjì ti di ọ̀kan. Wọ́n ní rọ́bà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni ó pa bàbá wa, rọ́bà kò tilẹ̀ kàn wọ́n lára. Ní ti ìyá wa, òtítọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tí a fi wá iṣan ni ó ṣèèṣì kan ẹ̀dọ̀fóró wọn, a kò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ̀rọ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ikú. Wákàtí mẹ́jọ náà ni a wá bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí rọ́bà náà wà fún. Ẹ̀yin tí a ti fa omi sí lára rí mọ̀ pé iṣan ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì máa ń wá. Iṣan ọwọ́ kéré. Oògùn wà tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ó bá gba inú iṣan kékeré kọjá, yóò jó o. Àìsàn sì wà tí gbogbo iṣan ọwọ́ yóò ti sá wọlé tí a kò ní rí ọ̀kan mú. Ní ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń fà lára aláìsàn tó mìlílítà 200 títí dé 400 ní ìṣẹ́jú kan, bí ó sì ti ń fà á ni ó ń dá a padà. Iṣan ọwọ́ lásán kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń wá iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, tí a sì ń ti rọ́bà náà wọlé. Ti ọrùn àti ti òkè àyà máa ń dé ìtòsí ẹnu ọ̀nà ọkàn gan-an.

Ẹni tí ó fi hàn ní gbangba pé rọ́bà lè dé ọkàn ènìyàn kí onítọ̀hún má sì kú ni dókítà ọmọ Jámánì kan, Werner Forssmann. Ní 1929, ní ìlú Eberswalde, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ fún un láti dán an wò. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun yóò ṣí i bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò fi rọ́bà náà sí lára. Forssmann ní ó dára. Ó de nọ́ọ̀sì mọ́ orí tábìlì, ó sì yí padà, ó fi abẹ la iṣan ọwọ́ ara rẹ̀, ó ti rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀ wọ ibẹ̀, ó tó sẹ̀ǹtímítà 65. Lẹ́yìn náà ni ó tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀, tí wọ́n sì jùmọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray, níbi tí wọ́n ti rí orí rọ́bà nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn àgbà ìmọ̀ ìṣègùn bínú sí i. Ní 1956 ni a fún òun àti André Cournand àti Dickinson Richards ní Ẹ̀bùn Nobel. (Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìgbìmọ̀ wa ní kí a sọ fún yín pé àwọn kò tí ì dárí ọ̀rọ̀ okùn yẹn jì í.) Ọ̀nà tí a ń gbà fi rọ́bà sí ara lónìí wá láti ọwọ́ Sven Seldinger, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ẹni tí ó gbé e jáde ní 1953: abẹ́rẹ́ yóò kọ́kọ́ rí iṣan, wáyà tín-ín-rín yóò gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, a ó yọ abẹ́rẹ́, rọ́bà yóò sì gun orí wáyà náà lọ sí àyè rẹ̀.

Ìyọnu ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò iṣan náà wá. Ẹni tí ó bá ń wá ilé kan nínú òkùnkùn lè kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ní ẹ̀gbẹ́ iṣan ọrùn tí a ń wá ni iṣan mìíràn wà tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn pẹ̀lú agbára. Bí abẹ́rẹ́ bá kan èyíinì, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò yóò máa ta jáde. Dókítà yóò yọ abẹ́rẹ́, yóò sì tẹ ojú ibẹ̀ pẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ju wíwú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í bá tètè dì, tàbí bí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wíwú náà lè pọ̀ débi pé yóò fún ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá sì jẹ́ pé rọ́bà ńlá náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣìnà wọ inú iṣan alágbára yìí, a kì í fà á yọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Oníṣẹ́ abẹ ni a máa ń pè.

Aládùúgbò kejì ni ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìsàlẹ̀ àyà ni ó mọ sí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yọ sókè díẹ̀ ju egungun òkè àyà lọ. Ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀ mọ́ ara egungun ìhà, kò sì yẹ kí afẹ́fẹ́ wà ní àárín àwọn méjèèjì. Bí abẹ́rẹ́ bá lu ú, bí ihò náà tilẹ̀ kéré tó ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, afẹ́fẹ́ yóò máa jò bọ́ sí àárín náà, ẹ̀dọ̀fóró yóò sì máa rọ bíi bọ́ọ̀lù tí ó ń jò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níhìn-ín ni pé jíjò náà lè rọra wá. Aláìsàn lè máa bá yín ṣeré ní agogo mẹ́ta, kí X-ray agogo mẹ́rin sì mọ́ tónítóní, kí ó tó di òru kí ó máa mí hẹlẹ. Nítorí náà, X-ray tí ó dára kì í ṣe ìwé àṣẹ láti sùn fọnfọn. Bí afẹ́fẹ́ náà bá sì ń pọ̀ sí i tí kò rí ọ̀nà jáde, yóò ti ọkàn kúrò ní àyè rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí mọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni.

Báwo ni ó ṣe wọ́pọ̀ tó? Ní 2015 ni a tẹ ìwádìí kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Faransé jáde, lórí rọ́bà 3,471. Nínú àwọn tí a fi sí abẹ́ egungun òkè àyà, nǹkan bí 15 nínú 1,000 ni afẹ́fẹ́ bá débi pé a ní láti fi rọ́bà sí ìhà wọn. Ti ọrùn jẹ́ nǹkan bí 5 nínú 1,000. Ti kọ̀rọ̀ itan kò ní irú èyí, nítorí ẹ̀dọ̀fóró jìnnà sí i. Ẹnì kan lè wá bi wá pé, kí ni ó dé tí a kì í fi gbogbo rẹ̀ sí itan? Ìwádìí kan náà fi hàn pé ti abẹ́ egungun òkè àyà ni kòkòrò àrùn àti dídì ẹ̀jẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti àìsàn kíndìnrín, àwọn dókítà máa ń sá fún ibẹ̀, nítorí rọ́bà lè mú kí iṣan ibẹ̀ fún, kí ó sì ba ọwọ́ tí a ó lò fún fífọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ iwájú jẹ́. Kò sí ojú kan tí kò ní tirẹ̀. Ẹ bi dókítà léèrè ìdí tí ó fi yan ibi tí ó yàn. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Ohun tí ó dín ìṣìnà kù jù lọ ni ẹ̀rọ skáànù, irú èyí tí a fi ń wo ọmọ inú oyún, tí dókítà yóò fi máa wo iṣan bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Láti 2002 ni a ti dámọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ náà wà ní ibòmíràn, kò sí ní ibòmíràn, ó sì wà ní ibòmíràn tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ kì í sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn agogo mẹ́rin.

Wáyà lè rin ọkàn ní gìgísẹ̀ kí ó máa lù ségesège. Bí a bá fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó le ju èyí lọ. Nígbà tí a bá fa èémí sínú, iṣan ọrùn máa ń fà pẹ̀lú. Bí ẹnu rọ́bà bá ṣí sílẹ̀ ní àkókò náà, afẹ́fẹ́ ni yóò fà sínú ọkàn. Ìdí nìyí tí a fi ń dojú orí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá ń fi rọ́bà sí ọrùn, kì í ṣe láti fìyà jẹ aláìsàn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò fi gbọdọ̀ ṣí ìdérí ẹnu rọ́bà, ì báà jẹ́ láti nu ún.

Kòkòrò àrùn kì í sábà yọjú ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọwọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó sì máa ń bá wọlé. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2006 sọ pé yàrá ìtọ́jú àìsàn líle 103 kópa nínú iṣẹ́ kan tí kò ní oògùn tuntun kankan nínú: kí a fọ ọwọ́, kí a bo aláìsàn àti oníṣẹ́ dáradára, kí a fi oògùn chlorhexidine nu ara, kí a yẹra fún itan bí ó bá ṣeé ṣe, kí a sì yọ rọ́bà tí a kò nílò mọ́. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ti ara rọ́bà wá dín kù títí dé 66 nínú 100. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ tí kò fọ̀ kan rọ́bà náà, ẹ sọ fún un, ì báà jẹ́ ọ̀kan nínú wa.

Ní báyìí, ìwọ tí o jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ní òru àkọ́kọ́, iṣẹ́ tìrẹ ni iṣẹ́ olùṣọ́. Bí èémí bá ń há aláìsàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí àyà tàbí ìhà bá ń gún un, bí ó bá ń wúkọ́ lójijì, bí ọrùn bá ń wú tàbí ohùn rẹ̀ yí padà, bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré, bí báńdéèjì bá ń rin fún ẹ̀jẹ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba mọ́ tàbí tí apá kan rọ, má ṣe dúró de òwúrọ̀. Lọ pe nọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kò sí nǹkan, sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sán òní ni a fi rọ́bà sí wọn lọ́rùn, èémí wọn sì ti yí padà." Gbólóhùn yìí ni kí o sọ, ṣókí, kí o sì tún un sọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ ṣinṣin nígbà tí o bá ń ké pe ènìyàn. Bí rọ́bà bá yọ jáde láìròtẹ́lẹ̀, tẹ ojú ihò náà, kí aláìsàn sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Má jẹ́ kí ó jókòó. Má fi àgbo tàbí òrí kùn ún, má jẹ́ kí omi kàn án, má sì fà á yọ nítorí pé ẹnì kan lálàá.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè òkun, a mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó, Ọlọ́run yóò dá a padà fún yín. Ṣùgbọ́n ojú fóònù kò rí ìhà aláìsàn. Nígbà tí àbúrò yín bá pè yín ní òru pé èémí ń há Màámi, iṣẹ́ kan ni a bẹ̀ yín kí ẹ rán an: kí ó lọ jí nọ́ọ̀sì. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè bóyá owó X-ray wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní ìrọ̀lẹ́ bóyá a ti yà á.

A ní ọ̀rọ̀ fún ara wa pẹ̀lú, àwa tí a ń wọ aṣọ funfun. Ọmọ tí ó padà jókòó ní òru ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ohùn wa ni ó lé e padà. Kì í ṣe ilé ìwòsàn yẹn nìkan ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ti lò ó rí, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń tọ́jú ọgbọ̀n aláìsàn tí iná sì ti kú. A kò fi èyí ṣe àwáwí.

Ó ku ti yíyọ rọ́bà, nítorí afẹ́fẹ́ lè wọlé ní ọjọ́ náà pẹ̀lú. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, yóò mí síta tàbí kí ó dá èémí dúró nígbà tí a bá ń fà á, a ó tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán, a ó fi báńdéèjì tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá dí i, aláìsàn yóò sì dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí sí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹni yín jókòó lórí àga kí wọ́n fà á yọ, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ó dùbúlẹ̀.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé pélébé tí Akọ̀wé yóò pín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, ni ó san owó ìtẹ̀wé rẹ̀, ó sì ní kí a mú ẹ̀dà 50 lọ fún ẹ̀ka Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wa àti nọ́ńbà fóònù wa wà ní ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹ pè wá, ì báà jẹ́ òru.